Orúkọ Tó Yẹ Kó Wà Lára Ìwé Azubuike

Láàárín ọdún 1958 sí 1974, kò sí ìwé kan tó jáde láti ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Martins ní Ajégúnlẹ̀ tí kò gba ọwọ́ Sàídù kọjá. Òun ni ó ń to lẹ́tà. Lẹ́tà òjé ni, kéékèèké bí ẹ̀gúsí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ nínú àpótí pẹlẹbẹ. Ojú Sàídù yóò wà lára ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa ṣa lẹ́tà fúnra rẹ̀, bí obìnrin tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà tó sì ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn lè kà tán ní ìṣẹ́jú kan máa ń gbà á ní wákàtí kan. Bóyá ìdí nìyí tí kì í fi í sọ̀rọ̀ púpọ̀: ó mọ iye iṣẹ́ tó wà nínú gbólóhùn kan.

Àwọn tó ń kó ìwé wá síbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá mọ̀. Olùkọ́ kan kọ ìtàn ìlú rẹ̀. Agbẹ̀bí kan ní Kirikírì kọ ìwé nípa ìtọ́jú aláboyún. Awakọ̀ ajàgbé kan kọ ìtàn ìfẹ́ tó parí sí kọ́ọ̀tù. Ẹnì kan kọ bí a ti í kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹlòmíràn kọ ìtumọ̀ àlá. Olúkúlùkù ń fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tà á. Bí ìwé tuntun bá jáde, Ọ̀gbẹ́ni Martins á fi ẹfun kọ àkọlé rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sára pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ni ìwé á sì máa wá ìdí láti gba iwájú pátákó náà kọjá lójoojúmọ́, á ṣe bí ẹni tí ọ̀nà kàn gbé e débẹ̀.

Ní ọdún 1965, Azubuike Nnorom sọ fún Sàídù pé òun náà ń kọ ìwé.

Sàídù ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Inú ilé onípákó kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Ràbíátù, ìyá Sàídù, tó bá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìṣẹ́yìn, wà ní yàrá kejì. Regina, ìyá Azubuike, tó bá ọkọ tirẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ìgbò, wà ní ìkẹta. Lọ́jọ́ tí Regina bí ọmọkùnrin yìí, Ràbíátù ló wẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ kì í wà láìní oríkì, ibi yòówù kí ìyá rẹ̀ ti wá, ó sì sọ ọ́ ní Àlàbí. Azu ni gbogbo ilé ń pè é. Ràbíátù nìkan ló ń pè é ní Àlàbí, àti Sàídù, tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí i.

Akọ̀wé ni Azubuike ní wáàfù Àpápá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkun kí ó máa sàmì sí ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù ni ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó kà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára àwọn tó ń rù ú. Fún ọdún mẹ́rin ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀: ti ẹni tí àpò sìmẹ́ńtì ti tẹ ọrùn rẹ̀ sínú èjìká, ti ẹni tó já bọ́ sáàárín ọkọ̀ àti èbúté, tí ó jẹ́ pé fìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, èébú tí wọ́n ń bú ẹ̀rọ agbẹ́rù, àti orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀gá òyìnbó. Yorùbá ló fi kọ ọ́, nítorí Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sọ ọ́ fún un. Ó pè é ní *Ẹrù Ọkọ̀, Èjìká Ènìyàn*. Sàídù ka ojú ìwé mẹ́wàá níbẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó ní òun kò mọ̀ pé ọmọ tí òun kọ́ ní òkò jíjù lè kọ irú èyí.

“Òkò náà nìyẹn, Bùrọ̀dá,” ni Azubuike dá a lóhùn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, nígbà tí ìròyìn bí wọ́n ṣe ń pa àwọn Ìgbò ní Òkè Ọya kò ṣeé gbọ́ sétí mọ́, Regina pinnu pé òun àti àwọn ọmọ òun méjèèjì yóò padà sílé, Azubuike àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Uzoamaka. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, Azubuike kó ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta wá sí ilé ìtẹ̀wé, tí ó fi tapolí wé. Ó ti san gbogbo owó iṣẹ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Martins. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lẹ́tà, kò fẹ́ jókòó.

“Bùrọ̀dá, tí mo bá padà dé, ẹ má kàn sọ fún mi pé ó ti jáde. Ẹ gbé e fún mi, kí n rí orúkọ mi lórí ẹ̀.”

Sàídù ní kí ó máa lọ, kí ó yéé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pín ogún.

“Ẹ ṣèlérí fún mi.”

“Mo ṣèlérí. Orúkọ ẹ á wà lórí ẹ̀.”

Lẹ́tà tó wà ní ilé ìtẹ̀wé náà kò pọ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ péré ni ó lè tò lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, Sàídù á tú u, á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí ilé rẹ̀, kí ó tó lè to mẹ́jọ mìíràn. Nípa bẹ́ẹ̀, kí ìwé kan tó parí, òjé tó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹlòmíràn. Ohun tí a bá ti tẹ̀ kò ṣeé padà tẹ̀ àfi kí a tún un tò láti orí. Èèpo ìwé, àti ojú ìwé tí orúkọ òǹkọ̀wé wà, ni wọ́n máa ń tẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ìwé Azubuike falẹ̀, nítorí Sàídù kò fẹ́ kí àṣìṣe kankan wà níbẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní àárín ọdún 1967. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi parí, gbogbo abala inú ìwé náà, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ti wà ní títò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ku èèpo àti ojú ìwé orúkọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n wá mú onítẹ̀wé kan ní àdúgbò kejì nítorí ìwé pélébé kan tí orúkọ Ìgbò wà lára rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni, kò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Martins pe Sàídù wọ yàrá ẹ̀yìn.

“Mo ní ọmọ méje, Sàídù. Orúkọ yẹn ò ní ti inú ilé yìí jáde.”

Sàídù bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n kó abala náà pamọ́ títí ogun yóò fi parí. Ọ̀gbẹ́ni Martins bi í léèrè ibi tí wọn yóò kó o sí, bí wọ́n bá wá tú ilé, àti ẹni tí yóò ṣàlàyé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò gbé ohùn sókè. Ó ní ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí àwọn aláàkàrà kó o, kí àwọn dáná sun ún, tàbí kí orúkọ mìíràn wà lórí rẹ̀. Ó fún un di ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Sàídù jókòó ti ìyá rẹ̀. Àìsàn ti dá Ràbíátù wó nígbà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lọ títí mọ́. Ó ṣí ojú, ó béèrè pé, “Àlàbí ńkọ́? Kò tíì kọ lẹ́tà síbẹ̀?” Sàídù ní kò tíì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ yìí ló kó sí i lórí.

Fún ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà bí wọ́n ti tọ́ Sàídù, kò sí ohun tó sún mọ́ ènìyàn tó oríkì rẹ̀. Orúkọ ni gbogbo ayé fi ń peni. Oríkì ni ìyá fi ń tuni nínú. Bí òun bá kọ Àlàbí, òun kò fi àjèjì rọ́pò ọ̀rẹ́ òun. Òun fi í pamọ́ sínú ilé, lọ́wọ́ obìnrin tó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó to “A. Àlàbí” sábẹ́ àkọlé. Nínú ọkàn rẹ̀, Azubuike ni A náà dúró fún. Èrò yìí tù ú lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwé náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 1968. Ọdún yẹn náà ni Ràbíátù kú. Sàídù fúnra rẹ̀ ló ń ru ìwé náà lọ sí ẹnu géètì wáàfù ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn tí kò mọ̀wé ń rà á kí àwọn tó mọ̀wé lè kà á fún wọn. Wọ́n ń rí ara wọn níbẹ̀. Ọkùnrin kan sunkún níwájú gbogbo ènìyàn nígbà tí wọ́n ka ti ẹni tó já bọ́ sínú omi, nítorí àbúrò rẹ̀ ni. Wọ́n ń béèrè ẹni tí Àlàbí í ṣe. Ẹnì kan ní ará Ọ̀yọ́ ni, òun mọ bàbá rẹ̀. Òmíràn ní irọ́ ni, ará Ẹ̀gbá ni, bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ti fi í hàn. Sàídù ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó gbà pé lọ́jọ́ tí Azubuike bá dé, àwọn méjèèjì yóò jọ fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹfà ọdún 1970 ni Regina àti Uzoamaka padà sí Ajégúnlẹ̀. Àwọn méjì péré ni. Regina, tí ọmọdé kì í lè na ọwọ́ yí ká tẹ́lẹ̀, ti di ẹni tí aṣọ ń fì lára rẹ̀. Uzoamaka ló sọ ọ́, ní kúkúrú: wọ́n mú Azubuike wọṣẹ́ ológun ní ọ̀hún ní ọdún 1968, ó kú láàárín oṣù mẹ́ta, ní ibì kan tí ẹni tó mú ìròyìn wá kò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Kò sí ibojì. Ilé tí wọ́n sá sí jóná, fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo jóná síbẹ̀. Kò níyàwó, kò bímọ.

Regina jókòó lórí àpótí bébà ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Èkó kí ogun tó dé. Yorùbá rẹ̀ dán, àfi Píjìn tó máa ń ta lé e. Ó ní òun gbọ́ pé ìwé ọmọ òun jáde. Sàídù mú ẹ̀dà kan wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Regina fi etí aṣọ nu ọwọ́ kí ó tó gbà á. Kò mọ̀wé kà, nítorí náà ó na ìwé náà sí Uzoamaka, ó ní kí ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ han òun.

Uzoamaka wo èèpo, ó wo ojú ìwé kìíní, ó tún padà wo èèpo.

“Màmá, kò sí níbí.”

“Wò ó dáadáa.”

“A. Àlàbí ló wà níbí.”

Ọdún méjì ni Sàídù ti fi to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ jọ, ṣùgbọ́n Azubuike ló rò pé òun yóò sọ ọ́ fún. Ó sọ ti ìbẹ̀rù Ọ̀gbẹ́ni Martins, ó sọ ti onítẹ̀wé tí wọ́n mú, ó sọ ìbéèrè tí ìyá òun béèrè lórí ibùsùn àìsàn, ó sì ṣàlàyé ohun tí A dúró fún. Regina jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

“Ìyá ẹ ló fún un ní Àlàbí. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo dúpẹ́, torí ọmọ náà wà láyè. Ẹni tó wà láyè lè ní orúkọ mẹ́wàá, á máa dá gbogbo wọn lóhùn. Òkú ò lè dáhùn, Sàídù. Ọ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń bá a dì mú.”

Sàídù ní òun mọ̀.

“You no know. Tó o bá mọ̀, ò bá ti dúró.”

“Wọ́n fẹ́ dáná sun ún ni, Màmá.”

“Wọn ì bá sun ún. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan jóná. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ta ni mo fẹ́ gbé e hàn, kí n ní ọmọ mi ló kọ ọ́?”

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó béèrè bíi pé ó ń retí ìdáhùn. Ó dìde, Uzoamaka di apá rẹ̀ mú, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì Sàídù to ìlà kan ṣoṣo: “Azubuike Nnorom, ọmọ Regina, ni ó kọ ìwé yìí.” Ogun ti parí, Ọ̀gbẹ́ni Martins kò sì dá a lẹ́kun. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bébà tín-ínrín, ó po sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí “A. Àlàbí” lára gbogbo ẹ̀dà tó ṣẹ́ kù nílé ìtẹ̀wé, wọn kò tó ọgọ́ta. Ó lẹ ọ̀kan fún Regina. Lẹ́yìn èyí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ó ti tà kiri.

Báyìí ni Sàídù ṣe lo ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀ fún ọdún méjì, pẹ̀lú agolo sítáàṣì lọ́wọ́ àti bébà nínú àpò. Ó lọ sí wáàfù, ó lọ sí àwọn ilé ìkẹ́rù-sí ní Kirikírì, ó béèrè ilé dé ilé. Wọ́n sọ ọ́ ní Alálẹ̀mọ́. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, ẹnì kan á kígbe pé kí ẹni tó ní ìwé fi ìwé rẹ̀ pamọ́, Alálẹ̀mọ́ ń bọ̀. Àwọn kan jẹ́ kí ó lẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bi í léèrè èló ni àwọn Ìgbò san fún un. Ọkùnrin tí àbúrò rẹ̀ já bọ́ sínú omi gbé ẹ̀dà tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ àbúrò òun ló wà níbẹ̀, kí Sàídù lẹ orúkọ tó bá jẹ́ òtítọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ irú rẹ̀ kò pọ̀.

Níkẹyìn ó dé Ìjọrà, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Bàdírù, tó ra ogún ẹ̀dà fún kíláàsì rẹ̀. Bàdírù gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní àga, ó gbọ́ ọ títí. Ó wá ní òun ti ń sọ fún àwọn ọmọ láti ọdún méjì pé ọmọ Ẹ̀gbá ni Àlàbí, pé kí wọ́n wo ohun tí ọmọ wa kọ. Ó fẹ́ mọ ẹni tó to orúkọ náà. Sàídù ní òun ni.

“Ìgbà wo lẹ wá purọ́, Ọ̀gbẹ́ni Sàídù? Ìgbà tí ẹ kọ Àlàbí, àbí ìsinsìnyí?”

“Ìgbà tí mo kọ Àlàbí.”

“Ẹ ti jẹ́wọ́ pé ẹ lè fi òjé purọ́. Kí ló fẹ́ jẹ́ kí n gba ti bébà pélébé yìí gbọ́?”

Kì í ṣe ìkà ni olùkọ́ náà. Ohun tí olóye èèyàn yóò béèrè ló béèrè. Sàídù ki ọwọ́ bọ àpò, ó rí i pé bébà náà kù ju irinwó lọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìjọrà dé ilé.

Ní ọdún 1972, Uzoamaka wá sí ilé ìtẹ̀wé, ó ṣí ìwé ìyá rẹ̀ níwájú Sàídù. Aáyán ti jẹ bébà tí Sàídù lẹ̀ mọ́ ọn. Sítáàṣì ló fà wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ orúkọ, wọ́n sì fi “A. Àlàbí” sílẹ̀ ní mímọ́ tónítóní. Sàídù sáré yẹ àwọn tó wà lórí pẹpẹ wò. Bákan náà ni. Uzoamaka ní ìyá òun ní kí òun má sọ fún un, ṣùgbọ́n òun rò pé ó yẹ kí ó mọ̀.

“Bùrọ̀dá Sàídù, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń fi ọwọ́ wá a.”

Sàídù wá gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí ó tún ìwé náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gbẹ́ni Martins, tó ti darúgbó, gbà pé kí ó máa lo ẹ̀rọ ní ọjọ́ Àìkú, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Sàídù fi oṣù tó pọ̀ wá bébà jọ, àjákù tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Àpápá ń tà. Ojú rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń sún fìtílà mọ́ àpótí ní ọ̀sán gangan. Ní ìparí ọdún 1973 ni ó tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ ló sì kọ́kọ́ tò, lẹ́tà ńlá, àárín ojú ìwé. Ọjọ́ Àìkú mọ́kànlá ló fi parí ojú ìwé mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ó tẹ ẹ̀dà kan láti fi wò ó bóyá ó dára. Ó dára.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Martins kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ayé ti ń lọ sí ẹ̀rọ tuntun tí kò lo òjé. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìsìnkú, Sàídù bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ó bá ọkùnrin méjì láti Snake Island tí wọ́n ń da àpótí lẹ́tà sínú àpò ìrẹsì, gbogbo lẹ́tà pa pọ̀, ńlá àti kékeré. Èyí tó dàgbà nínú wọn kí i, ó ṣàlàyé fún un pé apẹja ni àwọn, pé àwọn yóò yọ́ òjé náà láti fi mú àwọ̀n rì sísàlẹ̀ omi. Ó ní ọmọ olóògbé ló tà á fún àwọn, owó rẹ̀ ti pé. Sàídù ní kò burú. Àpò ìkẹyìn wúwo, ó sì bá wọn gbé e dé ìta.

Ó mú ojú ìwé mẹ́jọ náà lọ bá Regina, ó sì sọ gbogbo bó ti rí. Regina ní kí ó yọ ti Àlàbí kúrò nínú ẹ̀dà òun, kí ó fi èyí rọ́pò rẹ̀. Sàídù jókòó sórí ẹní, ó tú ìwé náà, ó fi okùn rán ojú ìwé tuntun mọ́ ọn, ó sì fi èèpo mìíràn bò ó. Regina fi ìka tẹ̀ lé ìka Uzoamaka lábẹ́ orúkọ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ó gùn,” ó ní. “Mi ò mọ̀ pé orúkọ ẹ̀ gùn tó báyìí.”

Ó béèrè mélòó irú rẹ̀ ló wà. Sàídù ní ọ̀kan yìí náà ni.

“Ọkùnrin kan ṣoṣo náà ni mo bí.”

Regina kú ní ọdún 1976. Uzoamaka gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, ó mú ìwé náà dání, kò sì padà sí Èkó mọ́.

Ní ọdún 1978, Sàídù ń fọ àwo ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá kan ní Àpápá. Ibẹ̀ kò nílò ẹni tó ń to lẹ́tà. Wọ́n ń ya fọ́tò ojú ìwé ni, bí ojú ìwé bá ti rí náà ni yóò jáde. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ kan, bó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó kọjá lẹ́nu géètì wáàfù, níbi tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tinú máa ń pàtẹ ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sórí tábìlì. Láàárín wọn ni *Ẹrù Ọkọ̀, Èjìká Ènìyàn* wà, èèpo aláwọ̀ ewé, yíǹkì rẹ̀ ṣì ń rùn. Sàídù ṣí i. Ó dá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ó rí ibi tí lẹ́tà kan ti fì díẹ̀ ní ojú ìwé kọkànlá. Ẹnì kan ti ya fọ́tò ẹ̀dà àtijọ́, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún ara rẹ̀, ó sì ti fẹ “A. Àlàbí” lójú kí ó lè hàn lókèèrè.

“Ìwé tuntun nìyẹn, Bàbá,” ni Tinú wí. “Ó ń tà gan-an. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ ti kú, ará Abẹ́òkúta.”

Sàídù yọ bírò lápò. Ó fi ìlà kan gba orí orúkọ náà kọjá, ó sì fara balẹ̀ kọ “Azubuike Nnorom” sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń to òjé.

“Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ máa sanwó ìyẹn o.”

Ó sanwó rẹ̀. Ó mú ìkejì, ó kọ ọ́, ó san tirẹ̀. Nígbà tó na ọwọ́ sí ìkẹta, Tinú gbé ọwọ́ lé àwọn ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tó kọ.

“Ta lẹ kọ síbẹ̀ yìí?”

“Òun ló kọ ìwé náà.”

Ọmọbìnrin náà wò ó pẹ̀lú àánú, ó sì fi ìka kan èèpo ìwé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà.

“Àlàbí ló kọ ọ́, Bàbá. Ẹ wò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.”

Sàídù ra méjì mìíràn, níwọ̀n tí owó ọwọ́ rẹ̀ mọ, owó ọkọ̀ rẹ̀ náà sì bá a lọ. Ó kọ orúkọ náà sí àwọn méjèèjì, ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ abíyá, ó sì mú ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ pọ̀n. Èyí tó kù lórí tábìlì lé ní ogún.